Ìlà Tó Yọ Lórí Ààrò Ẹja

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí àdúgbò ṣe fẹ́ràn yín tó, ẹ ṣègbéyàwó, kí ẹ sì lo ọdún márùn-ún láìlóyún. Ẹ ó rí ìfẹ́. Ẹni tí kò fún yín lómi mu rí á máa bi yín bóyá ẹ ń jẹun dáadáa. Ẹni tí kò mọ orúkọ yín á mọ ọjọ́ tí nǹkan oṣù yín ń wá. Ní abúlé wa létí òkun, lápá Ugbonla, orí òpó nínú omi ni gbogbo ilé dúró sí, afárá pákó kan ṣoṣo la sì jọ ń tọ̀ láti ilé dé ilé, nítorí náà kò síbi téèyàn lè yà sí bí ìfẹ́ bá ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Kí o rẹ́rìn-ín ni, kí o ní "Àmín."

Tíṣà ni mí. Kíláàsì kejì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ń kọ́, ọmọ ọlọ́mọ tó lé ní ogójì nínú yàrá kan. Àwọn ìyá wọn fẹ́ràn mi gidigidi. Wọ́n á ní, "Tíṣà, ẹ kú sùúrù àwọn ọmọ wa o," wọ́n á wá fa "wa" yẹn gùn títí tí n ó fi mọ ibi tí wọ́n ń fi í bá mi wí. Mo máa ń dáhùn pé kò tọ́pẹ́. Nínú mi lọ́hùn-ún, mo máa ń sọ nǹkan mìíràn.

Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ àti òṣìṣẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì lójú òkun. Ọ̀sẹ̀ méjì lójú omi, ọ̀sẹ̀ méjì nílé. Ẹ ò rí i pé ilé iṣẹ́ elépo ló ń bá wa ṣètò ọ̀rọ̀ yàrá wa. Wọn ò bi ara mi léèrè rí bóyá ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fún wa bá a lára mu. Oṣù tí ara mi bá ṣe tán, ọkọ mi wà lójú òkun, ó ń kó ìrẹsì fún òyìnbó. Oṣù tí òun bá wà nílé, ara mi á ní òun ò gbọ́. Báyìí la ṣe lo ọdún márùn-ún, àwọn èèyàn sì ń sọ pé èmi ni mò ń fi ìwé kíkà dí ilé ọmọ mi.

Ìyá ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú wa. Ẹja ni wọ́n ń yan. Mi ò ní fi ti ẹ̀fẹ̀ sọ èyí: láti Etikan títí dé Mahintedo, kò sí ẹni tí ń yan ẹja tó wọn. Ẹja tí wọ́n bá yan lè pẹ́ nílé kí ó má bu, kí ó má sì fọ́. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní, wọ́n sì ń fi í darí gbogbo ayé. Wọ́n ní ẹja tútù, òpùrọ́ ni. Ó lè tóbi lójú, kó máa dán, kó sì jẹ́ pé omi lásán ló kún inú rẹ̀. Wọn kì í dá iye lé ẹja, wọn kì í bú u, wọn kì í sì yìn ín, àfi bó bá gbẹ. Bí mo ṣe wọlé wọn, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Á dáa. A óò máa wò ó." Mo gbọ́ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Èmi náà ṣì tutù nígbà yẹn.

Ní oṣù tí mò ń sọ yìí, nǹkan oṣù mi pẹ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ Mọ́ńdè, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Mahintedo, mo ní mo fẹ́ ra ṣọ́ọ̀kì, mo sì yà sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ní kẹ́míìsì létí omi níbẹ̀. Ohun tí mo bá lọ ni bébà tín-ín-rín tí wọ́n ń kì bọ ìtọ̀ láti fi mọ̀ bóyá oyún wà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní sítírípù. Obìnrin náà kì í ta odindi páálí fún ẹnikẹ́ni. Ẹyọ-ẹyọ ló ń yọ ọ́ tà, bí ìgbà tí wọ́n ń ta sìgá. Ìwé tí wọ́n kọ àlàyé sí, inú páálí ló máa ń gbé. Ó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ó ní ìyẹn tó.

Ó ní, "Ìlà kan, kò sí. Ìlà méjì, ẹ kú oríire."

Mo ní, "Bó bá wá jẹ́ ìlà kan àtààbọ̀ ńkọ́?"

Ó wò mí. Ó ní, "Tíṣà, ẹ ti máa ń bèèrè ọ̀rọ̀ jù."

Mo ra mẹ́ta, nítorí mo mọ ara mi.

Àárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè, mo mú ọ̀kan wọ ilé ìwẹ̀. Ilé ìwẹ̀ wa wà ní ìdí afárá, pákó mẹ́rin àti páànù ni, omi wà lábẹ́ rẹ̀, ojú ọ̀run wà lókè. Ìdérí ike ìpara ni mo fi gbe ìtọ̀. Mo ki bébà náà bọ̀ ọ́, mo kà dé ogún, mo fà á yọ, mo tẹ́ ẹ sórí pákó, mo sì dójú mi bolẹ̀ bí ọmọ kíláàsì mi tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

Ìlà kìíní jáde kíákíá. Ó pọ́n, kò tijú ẹnikẹ́ni. Èkejì ni wàhálà. Mi ò mọ̀ bóyá ó wà tàbí kò sí. Bí mo bá wò ó tààrà, kò sí nǹkan kan. Bí mo bá yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wà níbẹ̀, ó rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àwọ̀ píńkì díẹ̀, bí ìlà tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fà sójú pátákó tí ẹnìkan wá nù ún dànù tí kò nù ún tán. Mo gbé e sókè sójú oòrùn. Mo gbé e sábẹ́ òjìji. Mo fi ojú kan wò ó, mo fi ojú kejì wò ó. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀, àmọ́ èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà ò lè ka ìlà kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan níbí, kí ẹ má baà rò pé ẹ̀gàn nìkan ni mo mọ̀. Mo fẹ́ ọmọ yẹn. Mo bá ìlà náà sọ̀rọ̀. Mo ní, "Jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ pé ìwọ ni, má sá." Tíṣà tí wọ́n ń bẹ̀rù ní gbogbo iléèwé ló jókòó sílé ìwẹ̀, tó ń bẹ bébà.

"Ìyàwó!" Ìyá ọkọ mi ló ń pè látìta. "Ṣé o ti já sódò ni?"

Mo ní, "Rárá, Màmá. Mò ń bọ̀."

Wọn ò dúró kí n máa bọ̀. Wọ́n fa páànù ilẹ̀kùn sẹ́yìn, wọ́n wọlé, wọ́n rí ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Mo rò pé n óò ní láti ṣàlàyé. Ẹ gbà mí o! Obìnrin tí kò wọ iléèwé lọ́jọ́ kan wo sítírípù náà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n mọ ohun tó jẹ́. Ṣèbí mo ti sọ pé àdúgbò fẹ́ràn mi. Ó jọ pé wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀ dè mí.

Wọ́n ní, "Èwo ló wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀. Ó hàn, kò hàn."

Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n nà án jìnnà sójú, wọ́n mú un súnmọ́ ojú, wọ́n sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ó ti tutù jù," ni wọ́n wí. "Ta ní í wo nǹkan tútù kó mọ òótọ́ inú rẹ̀?"

Kí n tó la ẹnu, wọ́n ti ń lọ. Mo tẹ̀lé wọn. Ààrò wọn wà lẹ́yìn ilé, iná ti ń kú lábẹ́ rẹ̀, ẹja àná sì tò sórí wáyà. Wọ́n fọwọ́ rọ àwọn ẹja kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n tẹ́ sítírípù mi síkángun wáyà níbi tí ooru ti mọ níwọ̀n, bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní kí n lọ síléèwé. Wọ́n ní bí mo bá fi máa dé, ó ti sọ̀rọ̀.

Ẹ óò bi mí pé kí ló dé tí mo gbà. Ìdí ni pé kò sí ìwé àlàyé lọ́wọ́ mi tó ní kí n má gbà. Ìdí kejì ni pé láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi létí omi yìí, gbogbo ohun tó wúlò nílé wa ló gba orí ààrò kọjá kí ó tó níyì: ẹja, edé, igi ìdáná tí òjò pa, bàtà iléèwé mi nígbà kan. Ó dà bí ẹni pé ó bọ́gbọ́n mu. Ìdí kẹta ni mo fi pa mọ́ fún ara mi nígbà yẹn: mo fẹ́ kí ẹnìkan bá mi rí i.

Nígbà tí mo dé lọ́sàn-án, mi ò tíì gun afárá tán tí mo ti gbọ́ igbe. Ìyá ọkọ mi ń jó. Mi ò rí wọn kí wọ́n jó rí, pàápàá lórí pákó tó ti ń jẹrà. Sítírípù náà wà lọ́wọ́ wọn, ó gbẹ, ó ká kọ́lọ́, ó sì ń rùn bí ẹja. Ìlà méjì ló wà lójú rẹ̀ kedere. Ìkejì ò pọ́n bíi tàkọ́kọ́ o, àwọ̀ eérú ló ní, àmọ́ ó dúró gbọn-in. Afọ́jú á fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i.

"Mi ò wí?" ni wọ́n ń pariwo. "Mi ò wí pé kó gbẹ ná?"

Aládùúgbò wa kan, ẹgbẹ́ mi tó ń ta edé, tó ti bímọ mẹ́rin, tó sì máa ń fi ìyẹn kí mi láràárọ̀, ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó gba sítírípù náà, ó wò ó, ó ní, "Tíṣà! Ọlọ́run ò sùn!" Ó wọnú ọkọ̀ rẹ̀, ó gbá àjẹ̀ mú. Mo mọ ibi tó ń lọ. Gbogbo ibi ló ń lọ. Ẹyin lohùn, ṣùgbọ́n tiẹ̀ kì í balẹ̀ kó tó fọ́, ojú omi ló ti máa ń fọ́ sí gbogbo ilé. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn tí mi ò mọ̀ ní abúlé kejì ti ń kí mi kú oríire.

Ọjọ́ méjì ni mo fi jẹ ayé. Mi ò ní purọ́, ó dùn mọ́ mi. Orí ẹja tó sanra jù bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sínú àwo mi. Wọn ò jẹ́ kí n di àjẹ̀ mú mọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà ló ń fi ọkọ̀ gbé mi lọ síléèwé bí ìyàwó ọba. Ìyá ọkọ mi gbé òfin tuntun jáde ní wákàtí-wákàtí. Wọ́n ní kí n má jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní kí n má wo iná gáàsì tó ń jó lójú òkun lóru, kí ojú ọmọ má baà pọ́n. Iná yẹn! Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n bí gbogbo ọmọ abúlé wa sí. Ta lójú rẹ̀ ò wá pọ́n níbẹ̀?

Ọkọ mi pè ní ìrọ̀lẹ́ Wẹ́sidè. Orí pákó tó gbẹ̀yìn ní ìpẹ̀kun afárá nìkan ni fóònù ti ń mú, nítorí náà ẹni tó bá ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ìfẹ́ lábúlé wa, gbogbo ìlú ló ń bá sọ ọ́. Ó ti gbọ́. Ta ló sọ fún un, mi ò mọ̀. Ó ń pariwo, àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ náà ń pariwo. Ó ní òun ń bọ̀ ní Sátidé. Ó ní ọkùnrin ni. Mo ní báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní ara òun sọ fún òun. Ara rẹ̀, tó wà lójú òkun látọjọ́ yìí! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ó ní, "O ṣé o. O ṣé gan-an ni."

Ṣùgbọ́n orí tíṣà, orí burúkú ni. Mo ti rí ìlà yẹn nígbà tó tutù, mo tún ti rí i nígbà tó gbẹ, àwọ̀ méjèèjì ò sì jọra. Àwọ̀ píńkì ni mo fi sílẹ̀ lọ síléèwé, àwọ̀ eérú ni mo bá nílé. Ohun tó bá ń yọ ẹ́ lẹ́nu, bó o bá jẹ́ tíṣà, o ò ní lè fi í sílẹ̀.

Nítorí náà, ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo jí wọ ilé ìwẹ̀ pẹ̀lú sítírípù kejì. Mo retí pé ìlà náà á ti lágbára sí i, bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Mo ki í bọ ìtọ̀, mo dúró. Ìlà kan. Mo yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìlà kan. Mo gbé e sójú oòrùn títí ojú fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, ìlà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kò tilẹ̀ sí òjìji èkejì.

Mo fi í sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi lọ síléèwé, mo tẹ́ ẹ sójú fèrèsé níbi tí oòrùn ti ń wọlé. Nígbà tí àwọn ọmọ lọ ṣeré, mo wò ó. Ó ti gbẹ. Ìlà méjì! Ìkejì ní àwọ̀ eérú, ó dúró gbọn-in bíi tọjọ́ Túsìdeè.

Ẹyọ kan ló kù lọ́wọ́ mi. Mo lọ sídìí dúrọ́ọ̀mù tí a fi ń gbe omi òjò níléèwé, nítorí omi odò wa ò ṣe é mu mọ́, iyọ̀ àti epo ti bà á jẹ́. Mo bu omi òjò díẹ̀ sínú ìdérí, mo ki sítírípù kẹta bọ inú rẹ̀, mo sì tẹ́ ẹ sójú fèrèsé kan náà. Kí a tó jáde níléèwé, ìlà méjì ti yọ.

Ẹ kú oríire. Omi òjò lóyún.

Mo jókòó sórí àga mi, mo sì rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín débi tí àwọn ọmọ fi ń wo ara wọn. Gbogbo abúlé ti jó nítorí ohun tí dúrọ́ọ̀mù lè ṣe. Ẹ̀rín yẹn tán lójijì. Mo rántí ọkọ mi tó ní "O ṣé o." Mo rántí pé ọ̀túnla ló ń bọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kí n tó pinnu ohun tí n óò sọ fún wọn, inú bẹ̀rẹ̀ sí í rún mi, mo sì rí ẹ̀jẹ̀. Mi ò pariwo. Mo sọ fún ìyá ọkọ mi pé mo fẹ́ lọ forúkọ sílẹ̀ ní ọsibítù, inú wọn dùn, wọ́n sì di ẹja kí n fi ta nọ́ọ̀sì lọ́rẹ. Mo gba ẹja náà. Mo wọ ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì lọ sí ìlú tí ọsibítù wà, mo jókòó láàárín àwọn apẹ̀rẹ̀ edé, mo di ikùn mú.

Nọ́ọ̀sì tí mo bá níbẹ̀ jẹ́ àgbàlagbà obìnrin, ojú rẹ̀ ti rẹ̀, àmọ́ ó fara balẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, títí kan dúrọ́ọ̀mù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ mi dé orí ààrò, ó bo ẹnu.

Ó ní, "Ẹ yan án? Bí ẹja?"

Mo ní, "Bí ẹja, Antí."

Ó ní nígbà tó bá tutù gan-an ni wọ́n ń kà á, láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Bó bá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí èèyàn jù ú nù, kó má bojú wẹ̀yìn. Ó ní bí omi bá ń gbẹ kúrò lójú rẹ̀, ó lè fi àmì sílẹ̀ níbi tí ìlà kejì yẹ kó wà, kó rí bí eérú, kó má ní àwọ̀. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìlà. Ó ní kódà bébà tí wọ́n kì bọ omi lásán lè ní in. Mo ní mo mọ̀, mo ti fún omi òjò lóyún lánàá.

Ẹ gbọ́, ara mi fúyẹ́ díẹ̀ nígbà náà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ látilẹ̀. Ìtìjú nìkan ló kù, ìtìjú sì ni mo ti ń gbé kiri láti ọdún márùn-ún, mo mọ bí wọ́n ṣe ń rù ú. Mo ti ń dìde.

Nọ́ọ̀sì náà ní, "Ẹ dúró. Ti àkọ́kọ́ yẹn, kí wọ́n tó gbé e lé ààrò, nígbà tó ṣì tutù lọ́wọ́ yín. Kí lẹ rí?"

Mo ní, "Kò hàn dáadáa. Ó rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́."

"Àwọ̀ wo?"

Mo ní, "Píńkì."

Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí n jókòó padà, ó gba ẹ̀jẹ̀ mi, ó sì fúnra rẹ̀ gbé e lọ. Ó pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó dé, ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí, kò padà sẹ́yìn tábìlì rẹ̀ mọ́. Ó ní oyún wà níbẹ̀. Ó kéré gan-an, kò tíì dúró, àmọ́ ó wà. Ìwọ̀nba àmì oyún tó ṣẹ́kù nínú ẹ̀jẹ̀ mi ló fi hàn. Ó ti ń wálẹ̀, ó ń lọ. Ó ní ìlà tó bá ní àwọ̀, bó ti wù kó rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó, kí a kà á sí òótọ́ ni, kí èèyàn tún un dán wò lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Bó bá ń hàn sí i, a dúpẹ́. Bó bá pòórá, kó tètè wá. Ó ní irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ obìnrin tí wọn ò tilẹ̀ ní mọ̀, wọ́n á rò pé nǹkan oṣù ló pẹ́. Ó ní kì í ṣe ẹ̀bi mi, mi ò ṣe ohunkóhun, kò sì sí ohun tí n bá ṣe.

Mo ní, "Àmọ́ èmi mọ̀."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yin mọ̀."

Ìlà tó hàn kedere tí gbogbo ìlú jó sí ni irọ́. Èyí tí kò sẹ́ni tó rí àfi èmi nìkan ni òótọ́. Mo fún un ní ẹja náà, mo sì jáde.

Nínú ọkọ̀ tí mo fi padà, mo ronú ohun tí n óò sọ. Ó rọrùn púpọ̀. N óò ní sítírípù ló parọ́. N óò sọ ìtàn dúrọ́ọ̀mù, wọ́n á rẹ́rìn-ín, n óò sì di gbogbo ẹ̀bi ru ààrò ìyá ọkọ mi. Wọ́n á fi wá ṣẹ̀sín fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á sì gbàgbé. Kò sẹ́ni tó máa káàánú mi, mo sì kórìíra kí wọ́n káàánú mi ju ikú lọ. Mo tún ọ̀rọ̀ náà sọ lọ́kàn lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi ẹ̀fẹ̀ sí i níbi tó yẹ. Ó dùn gbọ́.

Bí mo ṣe gun afárá, ìyá ọkọ mi àti aládùúgbò wa tó ń ta edé jókòó, wọ́n ń la ẹja. Ìyá ọkọ mi wo ojú mi. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ wọn.

"Kí ni wọ́n wí?"

Mo ní, "Màmá, kò sí oyún. Sítírípù tó bá ti gbẹ, irọ́ ló ń pa. Omi òjò náà lè ní ìlà méjì."

Elédé wa wò mí, ó wo ìyá ọkọ mi, ó pàtẹ́wọ́. "Yéè! Èéfín ló wá lóyún nígbà yẹn!" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ẹ óò bí ẹja yíyan!"

Ẹ̀fẹ̀ gidi ni. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló ṣẹlẹ̀ sí, èmi fúnra mi ni n bá kọ́kọ́ ṣe é. Mo la ẹnu láti bá a rẹ́rìn-ín, ohun tó jáde kì í ṣe ẹ̀rín.

Mo ní, "Ó wà."

Ẹ̀rín dúró lẹ́nu rẹ̀.

"Ó wà, Màmá. Kì í ṣe ti orí ààrò. Àkọ́kọ́ tó tutù, tí kò hàn yẹn, òun ni. Ó wà. Òní ló lọ."

Mi ò mọ̀ pé mò ń sunkún. Ìyá ọkọ mi gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wò mí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí elédé wa, wọ́n ní, "Máa lọ sílé rẹ. Bí mo bá tún gbọ́ ẹ̀rín yẹn lójú omi, èmi pẹ̀lú rẹ ni." Ó gbé edé rẹ̀, ó lọ.

Wọ́n fà mí wọlé, wọ́n gbé ìkòkò ńlá lé sítóòfù, wọ́n sì da omi kún un. Wọ́n ní àwọn fúnra wọn ni yóò pàdé ọmọ wọn ní èbúté lọ́la, kí n má wulẹ̀ dá ara mi láàmú. Nígbà tí omi hó, wọ́n ní kí n bọ́ aṣọ, kí n jókòó sórí àpótí. Wọ́n ki tọ́wẹ̀lì bọ inú omi, wọ́n fún un, wọ́n sì fi tẹ̀ mí níkùn. Ó gbóná, mo ké. Wọ́n tún un kì bọ̀ ọ́, wọ́n tẹ̀ mí nísàlẹ̀ ikùn, wọ́n tẹ̀ mí níbàdí, wọ́n tẹ̀ mí lẹ́yìn. Mo mọ irú ìwẹ̀ yìí. Mo ti bá wọn pọn omi rẹ̀ fún ìyàwó ọlọ́mọ tuntun káàkiri abúlé wa láìmọye ìgbà, mo sì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi ṣe tán.

Mo di ọwọ́ wọn mú. Mo ní, "Màmá, mi ò bí nǹkan kan."

Wọ́n ní, "Ìwọ lo sọ fún mi pé ó wà." Wọ́n yọ ọwọ́ wọn lọ́wọ́ mi, wọ́n sì ki tọ́wẹ̀lì bọ omi. "Ẹni tí ọmọ bá tinú rẹ̀ jáde, báyìí la ṣe ń wẹ̀ ẹ́. Jókòó dáadáa."